Oko Ẹran Ìgbà Ìwọ́wé: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Owó Ọdẹ Di Koríko

Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń dọdẹ ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, kò pọ̀, ṣùgbọ́n a wà. Bí a bá ti rí éékà ilẹ̀ mélòó kan yá lọ́wọ́ onílẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni oko ẹran: ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ nínú igbó tí a gbin oúnjẹ sí, kí àgbọ̀nrín onírù funfun lè máa wá jẹ níbẹ̀ láti ìgbà ìwọ́wé títí òtútù á fi kásẹ̀. Ojú ọdẹ la fi ń wo iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, títí kan tèmi.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo wo ilẹ̀ pupa yẹn, mo ní ilẹ̀ tó pupa tó báyìí á dára bí ilẹ̀ kòkó. Mo da àpò ajílẹ̀ 4 sí i, mo fọ́n irúgbìn, mo gba ilé lọ. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5, ohun tó hù níbẹ̀ ṣákálá bí irun orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ìgbà náà ni mo tó gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé: pH, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, jẹ́ 5.1; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó. Ilẹ̀ náà kan gógó. Clover (ewéko eléwé mẹ́ta tí ẹran ń jẹ) àti àlìkámà ń fẹ́ bíi 6.0 sí 6.5. Bí ilẹ̀ bá kan tó bẹ́ẹ̀, ajílẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i jẹ. Owó àpò 4 yẹn, ilẹ̀ ló gbé e mì.

Torí náà, ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó yẹ ilẹ̀ wò. Ọ́fíìsì Extension ti Yunifásítì Georgia, tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn tó sì ń gba iyẹ̀pẹ̀ fún àyẹ̀wò, wà ní ọ̀pọ̀ káúńtì, owó tí wọ́n ń gbà kò sì tó owó àpò ajílẹ̀ kan. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ lójú ibi 10 sí 15, kí ẹ wa ilẹ̀ tó íǹṣì 4 sí 6, kí ẹ pò ó pọ̀ nínú garawa ike. Ike ni mo wí o. Garawa tí wọ́n fi síńkì bò lè kó síńkì ran iyẹ̀pẹ̀, kí èsì má tọ̀nà mọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ da láìmù (òkúta ẹfun lílọ̀ tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù) sí i, nígbà mìíràn tọ́ọ̀nù 1 sí 2 fún éékà kan. Oṣù mélòó kan ni láìmù fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó dà á lónìí tó gbìn lọ́la, oko ọdún tó ń bọ̀ ló ń tún ṣe. Kó tó di ìgbà ooru ló yẹ kí láìmù ti wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí àpò irúgbìn. Wọ́n máa ń ya akọ àgbọ̀nrín abìwo ràgàjì sí i lára, èmi náà sì ra èyí tí ìwo rẹ̀ gùn jù. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí fi mí rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, ta ni wọ́n ya ìwo yìí fún, ìwọ àbí ẹran?" Ó yí àpò náà padà, ó tọ́ka sí ìwé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ẹnu rẹ̀. Òfin irúgbìn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 1939, ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n kọ irú ohun tó wà nínú àpò síbẹ̀, ìdá mélòó nínú 100 ló lè hù, àti ìdá mélòó ló jẹ́ irúgbìn èpò. Ryegrass ló pọ̀ jù nínú tèmi. Mo ti rò pé ryegrass àti rye, ọ̀kan náà ni wọ́n. Irọ́ ni. Ọkà ni rye, ìbátan àlìkámà, ó ń fara da òtútù, ẹran sì fẹ́ràn ewé rẹ̀ nígbà tó bá ṣì rọ̀. Koríko ni ryegrass, ó pọ́ọ́kú, ó sì ń yá hù, ṣùgbọ́n bó bá ti so tí èso rẹ̀ gbọ̀n sílẹ̀, ẹ bá ara yín dé. Ọdún 3 ni mo fi bá a jà.

Ìkánjú tún ń pa àwa tí a wà ní gúúsù. A rí i nínú fídíò pé àwọn ará Michigan àti Wisconsin ní àríwá ń gbin turnip (ewébẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń ta) ní ìparí oṣù Keje, àwa náà á ki ọkọ́ mọ́lẹ̀. Ìrì dídì kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, oòrùn oṣù Kẹjọ ṣì ń jóni. Ohun tí ẹ bá tètè gbìn, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo (fall armyworm) ló máa kọ́kọ́ bá a. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun náà ni wọ́n rí ní Nàìjíríà, Benin àti Togo ní 2016, tó ń jẹ oko àgbàdo àwọn èèyàn wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí ló ti wá. Ọjọ́ mélòó kan péré tó o láti jẹ oko kékeré run. Àárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá ni tiwa, kí ẹ sì dúró de òjò. Ẹ má fọ́n irúgbìn sínú eruku.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n ọn, ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń gbin tẹ̀tẹ̀. Wọ́n á po irúgbìn mọ́ yanrìn kó má baà dà jọ sójú kan, wọn kì í sì í rì í mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni clover àti turnip: ìdámẹ́rin íǹṣì ti jìn tó. Oat (ọkà kan tó jọ àlìkámà) àti àlìkámà ló ń fẹ́ kí a bò wọ́n tó íǹṣì kan. Ẹ gbin oat, ẹ bò ó, kí ẹ tó wá fọ́n clover sójú ilẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ tó sì fi tírákítọ̀ tú ilẹ̀ bò wọ́n, ó ti sin clover láàyè. Ní ti turnip, bíi pọ́n-ùn 5 tó éékà kan. Ó kéré lójú, ìyẹn ló ń mú kí èèyàn fọwọ́ kún un, tí wọ́n á wá há mọ́ra wọn, tí ìsàlẹ̀ wọn kò ní ta rárá.

Ẹ má dá oko sí ibi tí wọ́n ti lè rí i láti ojú títì, àwọn kan ń yìnbọn láti inú mọ́tò. Ẹ má sì gbé ibùba yín sí ibi tí atẹ́gùn á ti máa gbé òórùn yín lọ bá ẹran. Bí ẹ bá tún fẹ́ pa àdàbà, ẹ ṣọ́ra: ọkà tí a kàn dà sílẹ̀ láti fi tan àdàbà, ìjẹ ni lójú òfin àpapọ̀, ilẹ̀ náà sì di èèwọ̀ fún ìbọn títí ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ọkà ọ̀hún bá ti tán pátápátá.

Èyí tó kù ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́. Oko hù dáadáa, oṣù Kẹwàá dé, ẹran kò yọjú. Èso igi óákù ló ń já bọ́ nínú igbó, kò sì sí ohun tí a gbìn tó dùn mọ́ wọn tó o. Mo mọ ẹni tó tú oko rẹ̀ palẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi fi wáyà ká ojú ibi kan ní àárín oko tèmi, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kí ẹran má lè kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Títí di oṣù Kejìlá, n kò rí ẹran kan lójúmọmọ, mo ti fẹ́ gbà pé mo tún pàdánù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ síbi wáyà yẹn. Oat inú rẹ̀ kàn mí lórúnkún. Èyí tó wà níta kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ mi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti já lórí. Òru ni wọ́n ń wá.