Bí a ṣe ń ka àmì ìkìlọ̀ ìmọ́lẹ̀ lára ẹ̀rọ inú ilé

Ẹ gbé ẹ̀rọ DVD yín, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "CLASS 1 LASER PRODUCT" sí, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ Class 1 tó ń lo lésà (ìmọ́lẹ̀ tó kó agbára rẹ̀ jọ sójú kan) ni. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹ rà l'Òkè Àje n'Ìjẹ̀bú Òde tàbí ní Sábó Ṣágámù ni, ẹ tún lè bá "KLASS 1 LASERAPPARAT" àti "LUOKAN 1 LASERLAITE" lábẹ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ mìíràn kọ́ nìyẹn o. Ohun kan náà ni wọ́n fi èdè Sweden àti ti Finland kọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ohun tí wọ́n bá ti kọ "Class 1" sí kò ní iná tó lè ba ojú jẹ́ nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àmì yẹn ń sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde síta ò lè ṣe ojú ní nǹkan, níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá ṣì wà níbi tó yẹ kó wà. Ohun tó wà lábẹ́ ìdérí, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà jẹ́ Class 1 níta, bẹ́ẹ̀ Class 3B ni lésà tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá àmì náà rí. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná ná. Ẹ wo ẹ̀yìn, abẹ́, inú ilẹ̀kùn tí ẹ ń ṣí láti ki bébà tàbí díìsìkì sí, àti ibi tí bátìrì ń wọ̀. Lẹ́tà rẹ̀ sábà máa ń tín-ín-rín, torí náà ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo àwòrán. Igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè, tó ní ohun dúdú bí ìràwọ̀ tó ń ta ìtànṣán nínú, tí ìlà gígùn kan sì yọ lára rẹ̀, lésà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí ẹ ka kíláàsì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IEC 60825-1 ló pín in. Class 1 la ti sọ yẹn. Class 2 jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, agbára rẹ̀ kì í ju mílíwáàtì 1 (1 mW) lọ. Bó bá bọ́ sójú yín, ẹ ó ṣẹ́jú kó tó lo ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ṣíṣẹ́ tí ojú ṣẹ́ yẹn ló sì ń gbà á là. Ẹni tó bá wá ranjú mọ́ ọn, tàbí ọmọdé tó ń dán ara rẹ̀ wò pé òun ò ní í ṣẹ́jú, ti yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ààbò náà. Bí ẹ bá rí M lẹ́yìn nọ́ńbà, bíi 1M tàbí 2M, ẹ má ṣe fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, irú èyí tí àwọn atúnaagoṣe ń há sójú. Class 3R lè tó mílíwáàtì 5. Class 3B lè dé 500. Ohunkóhun tó bá kọjá ìyẹn, Class 4 ni: ó lè jó ara, ó lè dáná sun aṣọ, kódà èyí tó bá ara ògiri padà lè ba ojú jẹ́. Wọ́n tún máa ń fi II, IIIa àti IIIb kọ ọ́ lára ọjà Amẹ́ríkà àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "WHEN OPEN". "INVISIBLE LASER RADIATION WHEN OPEN" túmọ̀ sí pé bí ẹ bá ṣí i, ìtànṣán tí ojú ò rí máa jáde. Níbí ni nọ́ńbà tó ní nm níwájú (nánómítà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ irú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ti wúlò. Láti 400 dé 700 nm ni ojú ń rí dáadáa. Lésà DVD jẹ́ 650, pupa ni. Ti CD jẹ́ 780. Pupa tó ṣókùnkùn gan-an lẹ máa rí, bí ẹ bá tiẹ̀ rí i, ẹ ó sì rò pé kò lágbára. Ojú kì í ṣẹ́ fún ohun tí kò rí, ohun tó mú un léwu nìyẹn.

Súìṣì kékeré kan wà tí ìdérí ń tẹ̀, kí lésà má bàa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní ṣíṣí. Ẹlòmíì tó ń tún un ṣe a ká bébà, á fi há súìṣì náà kó lè rí i bí díìsìkì ṣe ń yí, iṣẹ́ á parí, bébà á wà níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yín tún un ṣe bóyá ó ti yọ ohun tó fi há a. Bó bá pọn dandan kí ẹnì kan wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni kó ti wò ó, kì í ṣe láti òkè. Ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ CD sábà máa ń ní kí ojú jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí jígí rẹ̀.

Pẹ́ńnì lésà tí wọ́n ń tà fọ́mọdé nígbà ọdún, bí Iléyá àti Ojúde Ọba, ni mi ò fọkàn tán jù. Àmì ara wọn máa ń parọ́. Bí ẹ bá bá "Class 2" níwájú àti 50 mW lẹ́yìn, ọ̀kan nínú méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Èyí tí kò ní àmì rárá kò sàn jù ú lọ. Àwọn aláwọ̀ ewé olówó pọ́ọ́kú tún máa ń jo ìtànṣán tí ojú ò rí mọ́ èyí tí ẹ ń rí.

Bákan náà ni iná lésà òde àríyá, tí a ò sì lè ṣe ká má ṣàríyá n'Ìjẹ̀bú. Bó bá jẹ́ 3B tàbí 4, ẹ sọ fún onímáṣíìnì kó gbé e sókè: ìlànà Amẹ́ríkà ní kí ìtànṣán náà fi ó kéré tán mítà 3 ga ju ilẹ̀ tí èèyàn dúró sí. Ẹ má dojú rẹ̀ kọ jígí tàbí ọ̀pá irin kánópì. Iná lésà náà lè ba kámẹ́rà fóònù jẹ́ pẹ̀lú.

Prójẹ́ktọ̀ tó wà níbi ìwòran bọ́ọ̀lù sábà máa ń ní RG2 (Risk Group 2, ìpele ewu 2) lára, pẹ̀lú "DO NOT STARE INTO THE BEAM". Kò ní kí ẹ sá fún un, ó ní kí ẹ má tẹjú mọ́ jígí rẹ̀. Ẹ pa á kí ẹ tó nu jígí náà.

Àpótí iná búlúù tí onígbàjámọ̀ ń kó kílípà sí ńkọ́? Bó bá jẹ́ èyí tó ń pa kòkòrò lóòótọ́, "UV-C" (ìtànṣán tí ojú ò rí tó ń pa kòkòrò) tàbí 254 nm ló yẹ kó wà lára gílóòbù rẹ̀. Kì í ṣe àwọ̀ búlúù tí ẹ ń rí ló ń pa kòkòrò, torí náà ẹ má wo iná náà láti fi dán an wò. Èyí tó dáa, bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn, iná rẹ̀ á kú. Ojú tó bá gba UV-C lè má dun olúwa rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni á máa ta á bíi pé iyanrìn kó sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò sì bá dé lára kílípà, kòkòrò ibẹ̀ ò kú. Kí wọ́n fọ irun àti ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ ná.

Bí lésà bá ti bọ́ sójú ẹnì kan, kó má ṣe ra á. Awọ ẹ̀yìn inú ẹyinjú kì í mọ ìrora, torí náà "kò dùn mí" ò jẹ́ ẹ̀rí. Kó fọwọ́ bo ojú kan, kó fi èkejì wo néẹ̀tì tàbí irin fèrèsé, kó wá ṣe ìkejì bákan náà. Bí irin tó gún bá dà bíi pé ó wọ́, tàbí tí ààmì dúdú kan bo àárín rẹ̀, kó gba ọ̀dọ̀ dókítà olójú lọ lọ́jọ́ náà, kó sì mú ẹ̀rọ náà tàbí fọ́tò àmì ara rẹ̀ dání.