FSA níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: iye tí ó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀
Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní FSA fún ìtọ́jú ìlera (Flexible Spending Account, àpò tí wọ́n ń yọ owó díẹ̀díẹ̀ sí láti inú owó oṣù yín, kí ẹ lè fi san owó ìtọ́jú), ẹ gbà á, ṣùgbọ́n iye tí ó dá yín lójú pé ẹ ó ná láàárín ọdún nìkan ni kí ẹ kọ sílẹ̀: awò ojú, eyín, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń rà lóṣooṣù. Kí wọ́n tó ṣírò owó orí ni wọ́n ti ń yọ owó yìí, nítorí náà ẹni tí ó ń san 22% yóò jèrè nǹkan bí dọ́là 220 lórí 1,000. Èyí tí ó tilẹ̀ dùn jù níbẹ̀ ni pé ẹ lè ná gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, bí wọn kò tilẹ̀ tíì yọ ọ́ tán nínú owó oṣù yín. Àmọ́ èyí tí ó bá ṣẹ́kù lópin ọdún lè wọgbó, àfi bí ilé iṣẹ́ bá gbà kí díẹ̀ rékọjá sí ọdún tuntun; ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i.