Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàrin àwa tí à ń kọ ìtàn, tí à ń kọ ìròyìn, tí a tún fẹ́ di olùkọ́

"Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo." Ohun tí màmá mi sọ nìyẹn nígbà tí mo ríṣẹ́ ìwé ìròyìn l'Abuja, tí mo tún ní ìtàn àròsọ ni mo máa ń kọ lálẹ́. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n eku mẹ́ta ni òǹkọ̀wé Helon Habila, ọmọ Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe, lé. Ó kàwé ní Yunifásítì Jos, ó ṣe olùkọ́ ní Bauchi, ó ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn l'Ékòó, ó gba ẹ̀bùn Caine, ti ìtàn kúkurú àwọn ọmọ Áfíríkà, ní 2001, ó sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní ìtàn kíkọ ní Yunifásítì George Mason, ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe iye eku ló ń dà wá láàmú. Bí a ṣe ń lé wọn ni.

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn máa fi ọwọ́ ìtàn àròsọ kọ ìròyìn. Mo ti ṣe é rí. Mo lọ fọ̀rọ̀ wá bàbá Hausa kan tó ń sun súyà ní Nyanya lẹ́nu wò. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Lójú mi, súyà tí kò ní yájì ni ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo bá fi gbólóhùn kan sí wọn lẹ́nu, nípa èéfín àti abúlé tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó dùn! Olóòtú wa yìn mí. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ bàbá náà mú ìwé ìròyìn wá sí ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, bàbá mi ò gbé abúlé rí. Àárín ìgboro Kaduna ni wọ́n bí wọn sí. Ta ló sọ èyí?" Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Láti ìgbà náà, ìwé méjì ló máa ń wà nínú báàgì mi. Ohun tí èèyàn sọ wà nínú ọ̀kan. Ohun tó wù mí kí wọ́n sọ wà nínú ìkejì, ìtàn àròsọ ló ni ín.

Àṣìṣe mìíràn: a máa ń gbé Kubwa, l'Abuja níbí, bí ẹni ń gbé Òṣogbo. Ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá, àmàlà, ìpàdé ọmọ ìlú lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà ká wá jókòó kọ ìtàn Àríwá. Gbogbo Hausa inú rẹ̀ á di máígàádì. Gbogbo ẹni tí kì í ṣe Yorùbá tàbí Ìgbò á sì di Hausa, títí kan àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ tí a kọ́lé sí. Mo ti ka ìtàn tí obìnrin Gbagyi ti gbé igi ìdáná karí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé! Ẹni tó bá ti jí jáde lówùúrọ̀ ní Bwari á ti rí i.

Ẹ má tìtorí ẹ̀bùn fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Trust, l'Abuja níbí, ni òǹkọ̀wé Abubakar Adam Ibrahim ń ṣe nígbà tó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG ń fúnni, ti 2016, ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là ($100,000). Ẹ̀bùn náà sì máa ń yí kiri láàrin ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé ọmọdé. Ta ni yóò máa san owó ilé títí yóò fi tún kan ìtàn àròsọ?

Ní ti ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì, ẹ̀bùn kì í dípò oyè ọ̀mọ̀wé (PhD) nílẹ̀ wa. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè náà.

Ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé ìtẹ̀wé ló kù. Àwọn òǹkọ̀wé kan á ti rí orúkọ ilé ìtẹ̀wé, wọn ò ní ka ìyókù. Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí ìwé yín ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín, ẹ ò sì mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ lẹ ń fọwọ́ sí fún wọn. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ní ẹ fẹ́ mú un relé ná.