Tẹ́ ẹ bá fura pé wọ́n ń se mkpuru mmiri (oògùn olóró methamphetamine) ládùúgbò yín

Ẹ má rò pé inú igbó nìkan ni wọ́n ti ń sè é o, 2016 Asaba ni NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti ká àwọn ará Mexico mọ́ ìdí ẹ̀, 2022 wọ́n tún bá òmíì nínú ẹ̀sítéètì VGC l'Ékòó. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ òórùn tó ń ta yín nímú bíi ìtọ̀ tó ti kan, tí wíńdò ilé náà wà ní títì tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń da kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà sẹ́yìn fẹ́ǹsì lóru, ẹ fura. Ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn o! Ẹ má fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì yẹn, ó lè bó yín lára, iná ìṣáná lásán sì lè mú kí gbogbo ẹ̀ gbiná. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ pe NDLEA, 080010203040, ọ̀fẹ́ ni.

Tẹ́nì kan bá ti fa mkpuru mmiri, tí ara ẹ̀ gbóná janjan, tó ń gìrì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ epo pupa fún un (a mọ ara wa), ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ọsibítù ló kàn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó lò gan-an fún dókítà.