Ooru ni kí ẹ fi tẹ rosewood

Omi kọ́ ló ń tẹ igi gìtá, ooru ni. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ́kọ́ bá ọmọ iṣẹ́ sọ nìyẹn, torí púpọ̀ nínú wọn ló fẹ́ ri pákó sómi mọ́jú kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Rosewood, igi líle tí a fi ń ṣe ẹ̀gbẹ́ gìtá, á rọ̀ lóòótọ́ tó bá mumi yó, àmọ́ ojú rẹ̀ á rí gbágungbàgun. Ẹ kàn fi aṣọ tútù nù ún, ó tó.

Rosewood ilẹ̀ Íńdíà ni mò ń lò fún ẹ̀gbẹ́ gìtá. Láti ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi inú igbó, ti ń ṣọ́ gbogbo ẹ̀yà Dalbergia, ìdílé igi tí rosewood wà, tó bá ń gba ẹnubodè kọjá. Wọ́n ti yọ gìtá tí a fi irú tèmi yìí ṣe parí kúrò nínú rẹ̀ ní 2019, ṣùgbọ́n pákó lásán ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ fá a dé mílímítà 2 sí 2.2, kó dọ́gba látòkè délẹ̀. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ ló máa ṣẹ́.

Páìpù irin tí iná mànàmáná ń mú gbóná la fi ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan bíi 150 dígírì. Omi tí ẹ bá ta sí i gbọ́dọ̀ hó ṣàà, kó gbẹ kíá. Bí igi bá ń dúdú, ẹ dín iná kù. Ìbàdí gìtá lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, torí kọ́nà ibẹ̀ ló le jù. Ẹ fi páànù pẹlẹbẹ gbè é lẹ́yìn, ẹ di orí méjèèjì mú, kí ẹ máa rọra yí i síwá sẹ́yìn lórí páìpù. Á kọ́kọ́ gan. Ẹ má tì í! Tó bá yá, òórùn dídùn á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, igi náà á sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kó kọjá ìwọ̀n díẹ̀, torí tó bá tutù á fẹ́ nà padà. Bó bá dún bí ohun tó fẹ́ ṣẹ́, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ooru wọ̀ ọ́ sí i. Inú mọ́ọ̀dù, àpótí tó ní ìrísí gìtá, ló máa sùn mọ́jú.

Òróró inú rosewood ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù. Ẹ fi sáńpépà ha ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, kí ẹ fi acetone, omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nù ún. Aṣọ á di elésè àlùkò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún un nù, títí àwọ̀ tó ń jáde á fi dín kù. Kíá ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, torí òróró yẹn á tún yọ sójú. Ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ náà kan spruce, igi funfun tó wà lójú gìtá, àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Gọ́ọ̀mù káfíńtà ti tó; bí ẹ bá fún igi náà pọ̀, kó yọ létí bí ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní. Tó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù.

Fún igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó yípo inú ẹ̀gbẹ́, péègì tí a fi ń sá aṣọ ni mò ń fi dì í mú kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Mo máa ń fi rọ́bà wé ẹnu wọn kí wọ́n lè fún dáadáa, mo sì ń tò wọ́n gbágbáágbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn bíi tèmi, ẹ má lẹ ẹ̀yìn gìtá nígbà òjò láìkọ́kọ́ gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá. Igi tó wú lóṣù keje á sún kì nígbà ọyẹ́, á sì là. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ dúró títí ọ̀rinrin yàrá á fi wà láàárín ìdá 45 sí 50 nínú 100 kí ẹ tó ṣí gọ́ọ̀mù.