Bí mo ṣe pààrọ̀ gílóòbù ilé wa sí LED

Kí n tó náwó kankan, mo mú ìwé àti bírò, mo rìn yí ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ká, mo ń kọ wọ́ọ̀tì ara gílóòbù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti wákàtí tó fi ń tàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn méjì tó wà lẹ́bàá géètì ló ń jẹ yúnìtì wa jù, torí tí iná bá ti wà, ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀ ni wọ́n ń tàn. Gílóòbù àtijọ́ ni wọ́n, 60 wọ́ọ̀tì. Ooru ni irú wọn ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí wọ́n bá fà dà.

LED, gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó bá jẹ́ 9 wọ́ọ̀tì máa ń mọ́lẹ̀ tó ọ̀kan nínú wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ (yúnìtì kan ni 1,000 wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan): 60 wọ́ọ̀tì tó bá tan 1,000 wákàtí ti jẹ 60 yúnìtì, LED á jẹ 9 péré. Bẹ́ẹ̀ ni 1,000 wákàtí yẹn ni ọ̀pọ̀ gílóòbù àtijọ́ ń lò kó tó jó.

Mo mú méjì dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọláìyá, torí ìdí wọn ò dọ́gba: ọ̀kan jẹ́ èyí tí a ń tì wọlé ká tó yí i (B22), èkejì jẹ́ èyí tí a ń lọ́ bí ìdérí ìgò (E27).

“Bàbá, ẹ fún mi ní èyí tí wọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀.”

“Ọmọ mi, lúmẹ́ẹ̀nì ni kí o wò. Òun ló ń sọ bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó.”

Wọ́n yí páálí rẹ̀ sí mi: 800 lúmẹ́ẹ̀nì, lábẹ́ rẹ̀ ni 85–265V, ìyẹn bí iná ṣe lè lọ sílẹ̀ tó àti bó ṣe lè ga tó tí á ṣì máa tàn. Nọ́ńbà kejì yìí ló wù mí jù. Lálẹ́, iná àdúgbò wa máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, gílóòbù àtijọ́ á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tó bá gba iná kékeré ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lójú mi kí n tó sanwó, ẹ má gbà kí wọ́n tà á fún yín láìdán an wò.

Nígbà tí mo délé, mo pa bíréékà, mo dúró kí àwọn tó gbóná tutù. Ti ilé ìdáná jẹ́ irú èyí tí gíláàsì rẹ̀ lọ́ kọ́ra. Mákúrì, tó jẹ́ májèlé, wà nínú irú wọn, nítorí náà ìdí rẹ̀ ni mo dì mú, mi ò fọwọ́ kan gíláàsì, mo sì wé e sínú ọ̀rá kí ọmọ kankan má baà fi ṣeré. Mo yọ ìdérí gíláàsì tó bo ti kọ́rídọ̀ náà kúrò, torí tí ooru ò bá ríbi jáde, LED kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ funfun 6500K (nọ́ńbà K yìí ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ni mo fi sí gbogbo yàrá. Màámi ní ó ń gún àwọn lójú tí àwọn bá fẹ́ sùn, mo bá fi 3000K, èyí tó pupa díẹ̀, rọ́pò tiwọn, mo sì gbé funfun náà lọ sí ilé ìdáná.