Ẹ Dá Ooru Dúró Kí Ẹ Tó Ra Òtútù: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nílé Wa Ní Ìbàdàn

Láti oṣù kejì títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀, ooru ìlú Ìbàdàn kì í ṣe kékeré. Owó tí à ń ná lé e lórí ló wá ń dá kún ìnira náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tó yẹ kí iná máa wà fún ní ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́) fò láti náírà 68 sí 225. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ kò sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi náírà 200 ṣírò. Ẹ́sì (ẹ̀rọ amúlétutù) 1 HP ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 750. Tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 láìsinmi, yúníìtì 6 ti lọ, náírà 1,200 nìyẹn lóru ọjọ́ kan. Fáànù oníwáàtì 60 kò ní jẹ tó náírà 100 láàárín wákàtí mẹ́jọ kan náà.

Ohun tí mò ń rí nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, láti Mọ́níyà dé Challenge, ni pé wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ooru wọlé tán, wọ́n á wá máa sanwó láti lé e jáde.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó wọlé ni pé wọ́n ń ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, “kí atẹ́gùn lè fẹ́.” Atẹ́gùn ọ̀sán oṣù kẹta wo ló tutù? Ó sábà máa ń gbóná tó 34 tàbí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ilé tó gba atẹ́gùn òru mọ́jú ṣì máa ń tutù ju ìta lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ ti fèrèsé, ẹ fa kátéènì kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì ṣí i nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ìta bá ti tutù ju inú lọ. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú fèrèsé, kí irin rẹ̀ sì lágbára, nítorí olè. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé lèyí bá mu o. Ilé onípáànù tí kò ní àjà máa ń gbóná ju ìta lọ kó tó di aago méjì ọ̀sán. Ẹ ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé tẹmómítà kékeré kan sínú ilé, ẹ gbé èkejì sábẹ́ ibòòji níta, ẹ wá wo èyí tó ga jù.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ti ooru yàtọ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò lanu rárá ń fa ooru mọ́ra láti ọ̀sán, ó sì ń tú u sínú yàrá títí di òru. Ìdí nìyí tí yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn fi máa ń gbóná nígbà tí ìta ti tutù, tí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ á rò pé ẹ́sì òun ti bàjẹ́. Kátéènì tó nípọn tí ẹ rà ní Gbági dára, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kàn án, ó ti gba inú gíláàsì kọjá, púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ ti di ti yàrá. Láti ìta ló yẹ ká ti dá a lọ́nà. Ẹní tàbí tapólì tí ẹ so mọ́ irin fèrèsé lóde, tí ẹ fi àyè díẹ̀ sí àárín òun àti gíláàsì, ṣiṣẹ́ ju kátéènì olówó ńlá lọ. Apá ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wálẹ̀ gba abẹ́ etí òrùlé wọlé. Ẹ so ó le dáadáa, kí ẹ sì tú u bí ìjì bá ń bọ̀. Ayálégbé lè ṣe é láì kan ìṣó kankan mọ́ ilé onílé.

Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú òógùn á gba rímóòtù, á tẹ̀ ẹ́ sí 16, á ní kó lè tètè tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́sì tí kì í ṣe inverter (irú èyí tó lè dín eré ara rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un) kì í sáré jù bó ṣe ń sáré lọ. Ẹ gbé e sí 16 tàbí 25, bákan náà ni kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́. Ní 16, kò kàn ní ráyè sinmi ni. Ẹ gbé e sí 25 tàbí 26, kí ẹ tan fáànù tì í. Fáànù kì í mú yàrá tutù, ara èèyàn ló ń tù, nítorí náà ẹ pa á bí kò bá séèyàn níbẹ̀. Lúfà tí kò pa dé ń kó òtútù jáde, abẹ́ ilẹ̀kùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ká aṣọ àtijọ́ sí i.

Gbígbé omi tàbí yìnyín síwájú fáànù ń ràn wá lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Tí ọ̀rinrin bá ti dé, ṣe ni ara á kàn máa lẹ̀. Fíríìjì tó sọ omi di yìnyín náà sì ti tú ooru sínú ilé kan náà.

Mo bẹ yín, ooru kò gbọdọ̀ mú kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé tàbí sínú kọ́rídọ̀. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani lójú oorun.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti gáàsì. Lọ́dọọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn oníṣẹ́ kan á ní gáàsì ẹ́sì ti tán, èèyàn á sanwó, bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó tún tán. Gáàsì ẹ́sì kì í tán bíi ti ìdáná. Inú páìpù tí a dí pa ló ti ń yí ká. Tó bá dín, ó ń jò ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà pàápàá, kò dín rárá: eruku ọyẹ́ ló dí fítà, asẹ́ inú ẹ́sì tó ń gba eruku. Ẹ yọ fítà yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ sì kó ẹrù kúrò níwájú apá ẹ́sì tó wà níta. Tí kò bá tutù síbẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kó fi omi ọṣẹ pa ojú páìpù kí ẹ lè fojú ara yín rí ibi tó ti ń hó, kó dí i, kó tó fi gáàsì tuntun sí i. Èyí tó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.